Ẹ̀yìn Tó Yẹ Ojú

Bí ènìyàn bá wọ sítúdíò ayàwòrán kan ní Agbowó lónìí, ní òdìkejì títì sí géètì Yunifásítì Ìbàdàn, ohun tí yóò kọ́kọ́ rí lára ògiri ni aṣọ aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n ta láti òkè àjà dé ilẹ̀, tí ìdí rẹ̀ sì tún tẹ́ síwájú dé ibi tí oníbàárà yóò gbẹ́sẹ̀ lé. Kò sí òdòdó lára rẹ̀, kò sí àtẹ̀gùn, kò sí ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé wọn kò tíì parí yàrá náà ni. Àmọ́ iwájú aṣọ yìí ni akẹ́kọ̀ọ́jáde tó wọ gáùn yóò dúró sí kó tó bá ara rẹ̀ lábẹ́ ilé gogoro aláago ti Yunifásítì. Ibẹ̀ ni ìyàwó ọ̀ṣìngín yóò dúró sí kó tó dé etí òkun. Ibẹ̀ náà ni baba olóyè yóò jókòó sí kí wọ́n tó gbé e wọ gbọ̀ngàn olópòó funfun. Kámẹ́rà ló ya ènìyàn, kọ̀ǹpútà ló gbé ayé mìíràn sí i lẹ́yìn.

Àwọn kan máa ń fojú tín-ín-rín iṣẹ́ yìí. Wọ́n ní irọ́ ni, pé ẹni tí kò kúrò ní Bódìjà rí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí àwòrán etí òkun. Ẹjọ́ náà kò ṣe é dá wéré bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí kámẹ́rà ti wọ ilẹ̀ Yorùbá, ipò tí ènìyàn wà, tàbí èyí tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń tọrọ fún un, ni a ti ń fi ẹ̀yìn àwòrán hàn. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, àwòrán sì wà lára ohun tí a fi ń ṣètò bí wọn yóò ṣe rí wa. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi í bi àwòrán léèrè bóyá ẹni náà dé ibẹ̀ ní tòótọ́. Mo máa ń wò ó bóyá ẹ̀yìn náà yẹ ẹni tó wà níwájú rẹ̀, àti bóyá ọwọ́ tó so wọ́n pọ̀ mọṣẹ́.

Ẹ wo ohun tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà ti ṣe sẹ́yìn. Kátẹ́ẹ̀nì tàbí aṣọ tí oníṣẹ́ ọ̀dà ti ya nǹkan sí ni wọ́n ń ta lẹ́yìn oníbàárà. Ní Bàmákò, olú ìlú Mali, aṣọ ìbùsùn ara rẹ̀ ni Seydou Keïta kọ́kọ́ fi ta ẹ̀yìn. Lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́ta, ó máa ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, débi pé nígbà tó dàgbà, aṣọ tó wà lẹ́yìn àwòrán ló fi ń mọ ọdún tó yà á. Ní Gánà, Philip Kwame Apagya ní kí àwọn oníṣẹ́ ọ̀dà ya odindi yàrá ìgbàlejò fún òun, pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì tó kún fún ohun mímu. Ó tún ní èyí tí wọ́n ya ọkọ̀ òfuurufú sí, tí oníbàárà á dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò. Gbogbo ẹni tó rí àwòrán wọ̀nyẹn ló mọ̀ pé ọ̀dà ni. Ìyẹn kò dín adùn wọn kù.

Ilẹ̀ Yorùbá tilẹ̀ ṣe ju ti aṣọ lọ. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tó ṣe ìwádìí nípa àwọn ayàwòrán ní Ìlá Ọ̀ràngún, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní ọdún 1978. Ó ṣàlàyé bí àgbàlagbà ṣe máa ń jókòó fún fọ́tò: yóò kọjú sí kámẹ́rà gan-an, yóò gbé ọwọ́ lé orúnkún, aṣọ rẹ̀ yóò fẹ̀ dáadáa, ojú rẹ̀ yóò sì tòrò. Ó tún ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya méjèèjì pọ̀. Ayàwòrán yóò ya èyí tó kù láyé, yóò sì tẹ ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà nínú yàrá òkùnkùn, kí ó lè dà bí ẹni pé ọmọ méjì ló jókòó tira wọn. Bí ìbejì náà bá jẹ́ akọ àti abo, wọn yóò wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà fún ìgbà kan, wọn yóò wọ ti obìnrin fún un fún ìgbà kejì. Ìyá ìbejì wo ni yóò pe àwòrán bẹ́ẹ̀ ní irọ́? Táíwò àti Kẹ́hìndé rẹ̀ ló ń wò. Ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni kò tíì gbé kọ̀ǹpútà wọ sítúdíò, àmọ́ ọgbọ́n tó wà nídìí iṣẹ́ Agbowó ti wà nílẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kan náà ló wà lára kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ tí a máa ń gbé kọ́ sí pálọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á mú fọ́tò tirẹ̀ wá, oníṣẹ́ ìtẹ̀wé á fi àlùmọ́gàjí gé ẹ̀yìn rẹ̀ dànù, á to gbogbo wọn yí alága ká, á sì jẹ́ kí ojú alága tóbi ju ti àwọn yòókù lọ. Àwọn tó wà lójú bébà kan náà lè má jókòó pọ̀ rí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ wọn ni, ipò kálukú sì hàn.

Ìbàdàn kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ àwòrán. Ìlú yìí ni WNTV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Ìbàdàn náà ni J. D. ’Okhai Ojeikere ti ṣiṣẹ́ ní yàrá òkùnkùn Iléeṣẹ́ Ìjọba fún Ìròyìn láti ọdún 1954, kó tó di ayàwòrán fún tẹlifíṣọ̀n náà ní ọdún 1961. Nígbà tó kó lọ sí Èkó, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin ní ọdún 1968, ó sábà máa ń kó gbogbo nǹkan kúrò lẹ́yìn orí, kí ojú má baà rí ohun mìíràn ju irun lọ. Ẹni tó bá wo àwọn àwòrán wọ̀nyẹn yóò mọ òfin tó ga jù nínú iṣẹ́ yìí. Bí elégbè ni ẹ̀yìn àwòrán rí sí olórin: bó bá gbe dáadáa, ohùn olórin á yọ, bó bá pariwo ju olórin lọ, orin bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sún mọ́ ibi iṣẹ́. Ká ní ìyá kan fẹ́ ṣe ayẹyẹ 70 ọdún, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ àwòrán tí wọn yóò lò fún ìwé ìpè àti bẹ́ńà. Ìyá wọ léèsì aláwọ̀ sánmà, ó wé gèlè tó dúró ṣánṣán, iyùn wà lọ́rùn àti lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ó wo aṣọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ̀yìn ìsọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ lẹ fẹ́ ya èmi sí ni?” Ayàwòrán rẹ́rìn-ín. “Rárá o, Mọ́mì. Kò ní hàn rárá. Ẹ ṣáà bá mi gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, ẹ wo ibi tí ọwọ́ mi wà.”

Ó nídìí tó fi jẹ́ pé àwọ̀ ewé ni. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà òde òní, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ dípò fíìmù kún fún ojú kéékèèké, tí òmíràn ń gba pupa, tí òmíràn ń gba búlúù, tí òmíràn sì ń gba àwọ̀ ewé. Bryce Bayer, òṣìṣẹ́ Kodak, ló ṣètò wọn bẹ́ẹ̀, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí ní ọdún 1976: fún pupa kan àti búlúù kan, àwọ̀ ewé méjì. Nítorí náà, àwọ̀ ewé ni kámẹ́rà ń rí yékéyéké jù. Awọ ara ọmọ ènìyàn, ìbáà dúdú, ìbáà pọ́n, pupa ló pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì jìnnà sí àwọ̀ ewé. Bí wọ́n bá pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kó pa gbogbo ohun tó bá ní àwọ̀ aṣọ ẹ̀yìn rẹ́, ojú ìyá yóò dúró láìfarapa. Ìṣòro wà níbẹ̀ tí aṣọ ẹbí bá jẹ́ aláwọ̀ ewé, torí aṣọ ìyá náà yóò bá ẹ̀yìn lọ, orí àti ọwọ́ nìkan ni yóò kù. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, aṣọ búlúù ni ayàwòrán ń ta. Búlúù yìí náà ni àwọn onísinimá sábà máa ń lò fún ọgbọ́n yìí láyé fíìmù. Fíìmù The Thief of Bagdad tó jáde ní ọdún 1940 gba ẹ̀bùn Oscar nítorí irú àrà bẹ́ẹ̀.

Etí ni a ti ń mọ ọwọ́ tó gbó. Gèlè ìyá kò le, torí etí rẹ̀ mú, ó sì yanjú. Ara léèsì ni iṣẹ́ wà. Ihò rẹ̀ kò lóǹkà, aṣọ ẹ̀yìn sì ń yọjú nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kò bá fara balẹ̀ wọ inú ihò wọ̀nyí, ìyá yóò wà ní gbọ̀ngàn, àmọ́ ewé Agbowó yóò ṣì máa wò láti èjìká rẹ̀. Irun tí a kò dì náà lágídí. Èyí tó tún wá lágídí jù ni ìrùkẹ̀rẹ̀ olóyè, torí kò sí fọ́nrán kan nínú rẹ̀ tí kì í dá lọ síbi tó wù ú. Mo ti rí iṣẹ́ tí wọ́n gé ìrùkẹ̀rẹ̀ sí, tó wá rí pelebe bí abẹ̀bẹ̀. Mo sì ti rí èyí tí a ti lè ka irun ìdí rẹ̀, tí gbọ̀ngàn sì hàn láàárín wọn. Ẹni tó ṣe ti ìkejì yẹn ti lo ọ̀pọ̀ wákàtí nídìí kọ̀ǹpútà, oníbàárà kò sì ní mọ̀ láéláé.

Ìmọ́lẹ̀ ni ìkejì. Aṣọ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ ní iná tirẹ̀, kó má sì ká kò, kí àwọ̀ rẹ̀ lè dọ́gba jálẹ̀. Oníbàárà gbọ́dọ̀ jìnnà sí i, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ó kéré tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọ̀ ewé yóò ta sí i lábẹ́ àgbọ̀n àti létí. Bí oòrùn inú àwòrán gbọ̀ngàn bá ń ti fèrèsé òsì wọlé, apá òsì ni iná sítúdíò gbọ́dọ̀ ti máa bọ́ sójú ìyá. Bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní díẹ̀ nínú ìpọ́n ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ ni ìparí rẹ̀. Ènìyàn tí òjìji kò sí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fò ni, kò dúró. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí kò dára lójú títì Ring Road àti Challenge, níbi tí bẹ́ńà ọjọ́ ìbí, ìsìnkú àgbà àti òṣèlú ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí òpó iná, ẹsẹ̀ ni àṣírí ti ń tú: bàtà olówó ńlá tí kò fara kan ilẹ̀ kankan.

Iṣẹ́ yìí tún ń ṣe ohun tí kámẹ́rà nìkan kò lè ṣe. Ẹ wo Cocoa House ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n parí ní ọdún 1965, àjà 26, tí gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 105. Ta ni ọmọ Ìbàdàn tí kò ní fẹ́ kí ilé náà wà lẹ́yìn òun? Bí ènìyàn bá sì dúró nídìí rẹ̀, ìwọ̀nba àjà díẹ̀ ni kámẹ́rà yóò mú. Bí ayàwòrán bá fà sẹ́yìn títí tó fi rí orí ilé, oníbàárà ti kéré, mọ́tò àti ọlọ́kadà sì ti kún àárín. Ayàwòrán tó gbọ́n á lọ ya ilé náà láti òkèèrè ní òwúrọ̀ Sunday tí títì ṣófo, á padà wá ya oníbàárà ní sítúdíò, á sì fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ so méjèèjì pọ̀. Ilé gidi ni, ènìyàn gidi ni, ìlú kan náà ni wọ́n sì jọ wà.

Ìlò rẹ̀ tí mo kà sí jùlọ ni ti òkú ọ̀run. Ọ̀pọ̀ baba àti ìyá ló lọ láìfi ohun tó ju fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kékeré kan lọ sílẹ̀, èyí tó ti pọ́n, tí òǹtẹ̀ iléeṣẹ́ ìjọba sì ti gé etí rẹ̀. Ọwọ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ á yọ ojú náà kúrò nínú òǹtẹ̀, á tún ibi tó ti ya ṣe, á sì gbé e ka iwájú àwọ̀ tó tutù. Àwọn ọmọ tó wá gbà á kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ayàwòrán bá wá lọ fi àgbádá ẹlòmíràn wọ orí náà láìbéèrè, ó ti kọjá àyè rẹ̀, torí ọmọ mọ ọrùn baba rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ní ààlà mìíràn tó yẹ ká pa mọ́. Fọ́tò tí a fi ń tọrọ físà Amẹ́ríkà kò gba àtúnṣe kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ funfun, tàbí kó sún mọ́ funfun, láti orí kámẹ́rà wá. Akọ̀ròyìn kò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ẹ̀yìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó sì fi àwòrán ilé tí kò kọ́ gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn ti kúrò nínú iṣẹ́ ọnà, jìbìtì ló ń lù. Lójú tèmi, àwòrán ayẹyẹ kò sí nínú ìwọ̀nyí, torí ẹni tó ń yà á, ẹni tí wọ́n yà, àti ẹni tó ń wò ó ni wọ́n jọ mọ ohun tó ń lọ.

Ohun kan wà tí aṣọ ewé kò lè fún wa láéláé, ohun náà ni àgbákò rere. Ní ọdún 2016, ayàwòrán TY Bello ń ya olórin Tinie Tempah lójú pópó ní Èkó nígbà tí Ọlájùmọ̀kẹ́ Orisaguna, tó ń ta búrẹ́dì, gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ọjà lórí. Ẹ̀yìn àwòrán ló wà. Àmọ́ ojú gbogbo ayé lọ sí ara rẹ̀, ayàwòrán wá a rí, ó sì di ẹni tí wọ́n ń gbé sí iwájú ìwé ìròyìn. Kọ̀ǹpútà kò mọ ẹni tó ń bọ̀ lójú títì, ohun tí a bá fi síbẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ayàwòrán sítúdíò máa jáde.

Ó tilẹ̀ yẹ kó máa jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ báyìí, torí irinṣẹ́ ti rọrùn jù. Láti ọdún 1990 tí Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà tí Thomas Knoll àti John àbúrò rẹ̀ ṣe fún àtúnṣe àwòrán, ti kọ́kọ́ jáde, ọwọ́ ènìyàn ló ń gé etí aṣọ díẹ̀díẹ̀. Lónìí, fóònù ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ lè yọ ẹ̀yìn kúrò ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Láti ọdún 2023, Photoshop fúnra rẹ̀ ti ń hun ẹ̀yìn tuntun jáde bí wọ́n bá ti kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sí i. Ó ń yá, àmọ́ ó ń gé etí gèlè jẹ, ó sì ń fi ìka kún ìka. Àwọn gbọ̀ngàn tó ń hun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn tán: òpó funfun kan náà, fìtílà àjà kan náà, bí ẹni pé ilé ọlọ́rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ìyá Ìbàdàn ti ń ṣe ọjọ́ ìbí. Ẹ̀yìn tó yẹ gbogbo ènìyàn kò yẹ ẹnì kankan.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn kò wọ́n wa. Ayàwòrán tó bá gun Bower’s Tower ní Òkè Ààrẹ, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1936, yóò rí òrùlé páànù Ìbàdàn tó pọ́n lọ títí dé ibi tí ojú mọ. Òpó Mapo Hall wà níbẹ̀ láti ọdún 1929. Igi tó ṣíji bo àwọn òpópónà Bódìjà àtijọ́ wà níbẹ̀, àti ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ọyẹ́ tó ń sọ ohun gbogbo di aláwọ̀ eérú. Kí ó ya ìwọ̀nyí pamọ́, kó rántí gíga kámẹ́rà rẹ̀ àti ibi tí oòrùn ti ń bọ̀, yóò ní ẹ̀yìn tí a kò lè rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nígbà náà, tí ìyá aláàádọ́rin bá béèrè ibi tí wọ́n gbé òun sí, yóò lè dárúkọ àdúgbò fún un.

Ìmọ̀ràn kan ló kù fún àwa tí a ń lọ ya fọ́tò. Aṣọ ẹ̀yìn ni Keïta fi ń mọ ọdún àwòrán rẹ̀. Ẹ̀yìn inú kọ̀ǹpútà kò ní jẹ́ kí a mọ̀, torí gbọ̀ngàn tí wọ́n lò lọ́dún yìí ni wọn yóò tún gbé jáde ní ọdún mẹ́wàá sí i. Nítorí náà, bí ayàwòrán bá ti parí iṣẹ́, ẹ ní kó fún yín ní èyí tó yà gan-an pẹ̀lú èyí tó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ sì fi bírò kọ orúkọ, ọjọ́ àti sítúdíò sẹ́yìn bébà kí ẹ tó fi gíláàsì bò ó.